Irùngbọ̀n Tí Atẹ́gùn Ọ̀nà Iléṣà Pa Láró

Mi ò kí yín lónìí, Ìyá Nọ́síràtù! Ẹ má wulẹ̀ gbé àga fún mi, mi ò jókòó, ìjà ni mo bá wá, ìjà gidi, bí mo bá sì ti tú aṣọ ìnura yìí kúrò lágbọ̀n mi báyìí, ẹ óò rí ohun tí ẹ̀yin aláró fi mí ṣe. Ó yá, ẹ wò ó! Ẹ wò ó dáadáa! Ẹ jáde bọ́ sójú oòrùn kí ẹ lè rí i! Ṣé irùngbọ̀n èèyàn nìyí? Ṣé irùngbọ̀n Sàláúdéènì ọmọ Àjàgbé nìyí, àbí ìyẹ́ ẹyẹ agbe?

Ẹ tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Wàláì, ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ gbé igi tí ẹ fi ń ro aró yẹn sílẹ̀ kí ẹ má baà ṣubú sínú ìkòkò, kí wọ́n má lọ sọ pé èmi ni mo tì yín.

Láti kọ́tàsì rélùwéè títí dé Òkè Baálẹ̀ yìí, aṣọ ìnura ni mo fi di àgbọ̀n, mo ń sọ fún aráyé pé eyín ló ń dùn mí. Ṣé ẹ mọ ìyà tó wà nínú kí èèyàn ní eyín ń dun òun nílùú Òṣogbo? Gbogbo ẹni tí mo pàdé ló lóògùn! Èyí ní kí n fi iyọ̀ há a, tọ̀hún ní kí n rún ewé kan sí i. Ọlájùmọ̀kẹ́ tó ń ta búrẹ́dì ní ìyànà ní àfi kí n ya ẹnu kí òun wò ó. Ràṣídátù, ìyàwó onígbàjámọ̀, kò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sáré wọlé lọ pe ọkọ rẹ̀ pé kó mú ẹ̀mú wá. Ẹ̀mú o! Mo gba ẹ̀yìnkùlé onílé sá. Èmi, gáàdì rélùwéè, tó jẹ́ pé bí mi ò bá ju àsíá, odindi ọkọ̀ ojú irin kò ní í mira, èmi ni mò ń fo àgbàrá lẹ́yìnkùlé bí ẹni jí adìẹ gbé.

Ta ló sì fà á? Ẹ̀yin ni! Ó dáa, èmi náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tiyín ló pọ̀ jù.

Ẹ kúkú mọ̀ pé obìnrin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Julianah ni, ará Iléṣà, opó tó ń ta abọ́ tánganran. Bí ẹrù rẹ̀ bá ti Èkó dé tẹ́ṣàn wa, èmi ni mo máa ń dúró ti àwọn alábàárù kí wọ́n má baà ha abọ́ rẹ̀ lára, mo máa ń pariwo lé wọn lórí bí ẹni pé èmi ni mo ni ọjà, òun náà á sì dúró, á máa dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìyá Nọ́síràtù, ẹ mọ bí ilé mi ṣe rí látìgbà tí Fàtímọ̀ ìyàwó mi ti kú. Àwọn obìnrin inú àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, Mùyídéènì wà ní Kàdúná. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kan ilẹ̀kùn kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Mo ń kan ilẹ̀kùn ilé ara mi! Mo ń retí kí ẹnì kan nínú ilé ní ta nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹni tí yóò máa dá mi lóhùn ni mò ń wá, kó tiẹ̀ jẹ́ pé èébú ni yóò máa fi dáhùn.

Ẹ gbé àga yẹn wá jàre. Mi ò tíì parí ìjà o, ẹsẹ̀ ló ń ro mí.

Mo wá gbójú, mo sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Kí ni obìnrin yìí wí? Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wò ó, ó tún wò ó, ó ní, "Bàbá Mùyídéènì, mo ti sin arúgbó kan rí o. Mi ò lè tún gbé òmíràn sílé." Arúgbó! Èmi! Ẹ wo orí mi, orí mi dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, àgbọ̀n nìkan ni ewú dà sí, bí ẹni pé mo fi ẹnu bọ èlùbọ́. Ó wá ní ṣùgbọ́n òun kò lé mi, kí n wá sílé àwọn lọ́jọ́ Àìkú kí ìyá òun àti Amos, ẹ̀gbọ́n òun, rí mi, ohun tí wọ́n bá wí ni òun yóò gbọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ayé mi, látòkèdélẹ̀, ó wá kù sí àgbọ̀n!

Mo wá bá yín níhìn-ín. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè ohun tí wọ́n fi ń pa ewú rẹ́. Mo ní ó ń tijú ni, ló ṣe rán mi.

Ẹ ní kí ni? Ẹ mọ̀ pé èmi ni? Láti ìgbà tí mo ti la ẹnu? Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń ní kí ọ̀rẹ́ mi ṣe báyìí, kí ọ̀rẹ́ mi má jẹ́ kó kan ojú, ẹ tiẹ̀ ní kí n bá yín kí ọ̀rẹ́ mi, mo sì ní yóò gbọ́! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí ọ̀rẹ́ tí kò sí!

Ẹ sì wá ń sọ báyìí pé ẹ ti sọ fún mi pé làálì ni kí n kọ́kọ́ fi sí i. Ìgbà wo lẹ sọ ọ́? Ẹ sọ ọ́? Lẹ́ẹ̀mejì? Nọ́síràtù gan-an gbọ́?

Ó dáa. Ẹ sọ ọ́. Mo gbọ́. Ẹ ní kí n kọ́kọ́ lé làálì, kí irun pọ́n, kí n fọ̀ ọ́, kí n tó wá fi èlú lé e, pé orí pupa yẹn ni dúdú yóò jókòó sí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, nítorí Ọlọ́run! Làálì! Ohun tí wọ́n ń lé sẹ́sẹ̀ ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ! Èmi àti irun àyà mi, kí n jókòó sínú kíṣíìnì kí n máa lé làálì? Bí ẹnì kan bá ya wọlé nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣì pọ́n ńkọ́? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àlàájì, èmi tí mi ò tíì rí Mẹ́kà lójú àlá. Mo ní dúdú ni mo ń wá, èlú ló ń dúdú, kí ni ti pupa láàárín? Mo fò ó. Mo ní ẹ̀yin obìnrin ló máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ gùn.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bí mo ti kírun Àsùbáà tán, mo ti ilẹ̀kùn kíṣíìnì, mo gbé odó Fàtímọ̀ sílẹ̀, mo da èlú gbígbẹ tí ẹ fún mi sínú rẹ̀, mo gún un. Mo gún un kúnná, mo jọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ wọ̀ mí nímú, mo ń sín bí ewúrẹ́. Mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó. Bó bá jẹ́ pé mo dúró síbẹ̀, bóyá ìyà ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, wọn kì í gbé iṣẹ́ fún mi kí n má fi ọgbọ́n tèmi kún un. Mo ní irun tó bá dọ̀tí kò ní gba aró, mo bu ọṣẹ dúdú, mo fi sí i. Mo tún ní irùngbọ̀n ẹni tó ń lọ kí àna, ó yẹ kó máa dán, mo yọ́ òrí, mo dà á lé e. Mo rò ó pọ̀. Ó ń hó! Inú mi dùn. Mo ní, Sàláúdéènì, o ò bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló dé tí ẹ káwọ́ lérí? Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú inú ọṣẹ ló jẹ́ kó wọ irun tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ò ṣe wá sọ ìyẹn fún mi? Ẹ sọ ti làálì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sọ ti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ó dáa, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n fi ọṣẹ sí i. Ẹ má gba ẹ̀bi yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo fi gbogbo rẹ̀ kun àgbọ̀n, mo fi ewé bò ó, mo fi aṣọ dì í, mo jókòó. Ó ń ta mí, mo ní ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó ń yún mi, mo ní ẹwà ló ń bọ̀. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ kúrò tí mo wo dígí, Ìyá Nọ́síràtù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké! Ó dúdú! Fèrèsé kíṣíìnì yẹn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, omi ṣì wà lára irun, òrí wà lára rẹ̀, ó ń dán, mo rí ara mi bí mo ṣe rí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ rélùwéè. Mo tiẹ̀ ṣẹ́jú sí ara mi. Lóòótọ́, mo rí i pé ìdí irun ń ṣe bí àwọ̀ ewé díẹ̀, mo ní ìdọ̀tí ni, yóò gbọ̀n dànù lọ́nà. Mo gbé agbádá funfun wọ̀. Funfun báláú!

Ẹ dákẹ́, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá sí Òkè Baálẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ bá ti inú ìkòkò jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló tó ń di aró. Ìyá tó bí mi lọ́mọ sá aṣọ lójú mi, bí mo ti kéré tó, mo máa ń jókòó sábẹ́ okùn máa wo bó ṣe ń yí padà, mo sì máa ń pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n fún aṣọ. Ta ló rántí àgbọ̀n?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dé Old Garage, mo ní iwájú ni mo fẹ́ jókòó kí agbádá má baà rún. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé! Mo tún yí gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá kí irùngbọ̀n mi lè gbẹ dáadáa, mo wá na àgbọ̀n síta! Ọwọ́ ara mi ni mo fi sá a! Atẹ́gùn ọ̀nà Iléṣà gbà á, ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, mo ń gbádùn rẹ̀, mo dijú. Dúrósinmí, dẹ́rẹ́bà tó gbé wa, wò mí, ó gbójú kúrò. Ó tún wò mí, ó dín eré kù, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ gbé lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn wa rí mi nínú dígí ọkọ̀, ó figbe ta, wọ́n rẹ̀ ẹ́ títí kò gbà. Mo ní àwọn ọmọ ìgbà tí ogun parí yìí, wọn kò mọ àgbà. Mo rò pé ojú mi tó ń dán ló ń dẹ́rù bà á!

Mo dé ilé Julianah. "Ẹ wọ ulé," wọ́n ń fi Ìjẹ̀ṣà wọn kí mi láti inú ilé wá, kí wọ́n tó rí mi. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀. Mo dìde. Amos, àgbà ìjọ, la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyá arúgbó wá rọra bi Julianah, ó rò pé mi ò gbọ́, ó ní ṣé bí irùngbọ̀n ṣe ń hù lágbọ̀n àwọn ará Òṣogbo nìyí, àbí omi tí wọ́n ń mu ni. Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́! Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí! Julianah gbé omi wá nínú kọ́ọ̀pù tánganran funfun, ọ̀kan tuntun nínú ọjà rẹ̀. Mo mu ún. Bí mo ti gbé kọ́ọ̀pù kúrò lẹ́nu, etí rẹ̀ ti di aró yíká. Mo wo kọ́ọ̀pù. Mo wo àyà agbádá mi, ibi tí òógùn ti ń kán sí. Àdìrẹ! Mo ti di àdìrẹ lórí ìjókòó! Mo bojú wo dígí ara ògiri wọn.

Àsítágáfúrúlà! Ọkùnrin tí mo rí nínú rẹ̀, bó bá wọ tẹ́ṣàn wa, èmi ni n óò kọ́kọ́ sá.

Ni Julianah bá bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, kò gbà. Ó fi etí ìró bò ó, kò gbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Amos di ògiri mú. Ìyá tí kò léyín kan ń ké "ye, ye, ye" bí ẹni tí inú ń run. Ìyá Nọ́síràtù, mo ti rí ìtìjú láyé yìí. Ọkọ̀ ojú irin ti fi mí sílẹ̀ rí, èmi gáàdì rẹ̀, ó lọ, mo dúró pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, àwọn èrò ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ìyẹn kò tó èyí rárá. Wọ́n ti gún iyán, mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ rẹ̀, mi ò jẹ ẹ́, mi ò dágbére, mo sá. Ìdí ọkọ̀ pátápátá ni mo jókòó sí nígbà tí mò ń bọ̀, mo sì sunkún. Mo sunkún o, èmi àgbàlagbà. Kì í ṣe nítorí irùngbọ̀n. Mo rò ó pé ilé yẹn yóò máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí n óò fi kú.

Bí mo ti délé, mo dojú ìjà kọ ọ́. Kẹrosíìnì, kò ṣe nǹkan kan ju pé mo ń rùn bí àtùpà. Mo fi yanrìn ha á, awọ bó. Mo wá ki ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀, apá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fi pa á, mo fi pa á, ó wá ṣí díẹ̀. Kí n tó dé apá òsì, ọsàn tán, agbára tán. Ẹ wò mí báyìí, apá kan bí aṣọ tuntun, apá kan bí aṣọ tí wọ́n ti wọ dóko. Mo sì gbé e lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Ògúnṣẹ̀yẹ, ọ̀gá tẹ́ṣàn wa, wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn béèrè pé pupa ni dúró, àwọ̀ ewé ni máa lọ, kí wá ni ìtumọ̀ ti àgbọ̀n mi, kí òun lè sọ fún àwọn awakọ̀.

Ẹ ní kí ni? Kí n fá a? Ẹ ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, kí n lọ bá ọkọ Ràṣídátù kó fá a, kó tán?

Rárá. Mi ò lè fá a.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò lè fá a. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Ó dáa, ẹ má bi mí, n óò sọ ọ́. Julianah wá sí tẹ́ṣàn lánàá. Ẹrù rẹ̀ dé. Mo sá sẹ́yìn wágọ̀nù, mo fi àsíá bo ẹnu, ó wá mi kàn níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò jẹ iyán mi?" Mo ní ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán, kí n tún jẹun lé e? Ó wá ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà nílé ọkọ òun, òun kò rí i kó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn rín in nítòsí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mùyídéènì, kì í ṣe ewú rẹ̀ ló sú mi. Ojú tó fi ń wò mí ló sú mi." Ó ní ọjọ́ Àìkú yẹn, òun rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dun òun, nígbà tí òun dákẹ́, òun wá rí i pé ara òun fúyẹ́. Ó ní ọkùnrin tó jókòó tó ro gbogbo ìyẹn kun ojú ara rẹ̀ nítorí òun, òun kò ní í jẹ́ kó lọ ilé ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló wí. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọn yóò tún iyán gún. Ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí gbogbo obìnrin ilé wọn pé kí wọ́n wá wò mí. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n yẹn.

Ìyá Nọ́síràtù, mo sì ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ apá ọ̀tún!

Ẹ wò ó, ẹ fi ọwọ́ kàn án! Ó ń ṣí! Láàárọ̀ yìí tí mo ṣe àlùwàlá, aró dà sínú omi rẹpẹtẹ, ewú méjì ti yọ orí níbí yìí. Bó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Kí n dé Iléṣà kí n jẹ́ arúgbó lásán láàárín gbogbo obìnrin ilé wọn? Mo mọ̀ pé ìjà ni mo ní mo bá wá. Bí mi ò bá bínú wọlé, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ yín?

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tó, ẹ dìde. Ẹ lọ bu èlú. Nọ́síràtù, bá mi mú ọṣẹ dúdú wá, kó o sì yọ́ òrí díẹ̀. Rárá o, ẹ má dárúkọ làálì sí mi létí, kí ni mo fẹ́ fi dúdú ṣe? Bí mo ṣe bà á jẹ́ gan-an ni kí ẹ bá mi bà á jẹ́. Apá ọ̀tún yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó dọ́gba pẹ̀lú èkejì, kí ẹ sì rọra ṣe ní ètè, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń retí mi níbì kan!